Òsìn Kì Í Ṣe Ọ̀sìn

Ètè Abọ́sẹ̀dé ti là kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọyẹ́ ló là á. Kì í sì í ṣe ọyẹ́ tí ẹ̀yin mọ̀ o, èyí tí ẹ ń fi aṣọ òtútù kan ṣoṣo lé lọ. Ọyẹ́ tó gun òkè Àgbélékè lọ́dún náà, àpáta fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n. Epo pupa dì nínú ìgò débi pé àdá ni wọ́n fi ń gé e sínú ìkòkò. Ewúrẹ́ ń kan ilẹ̀kùn onílé pé kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun yáná. Ọkùnrin kan sín láàárọ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó di ọ̀sán kí ìyàwó rẹ̀ tó gbọ́ ọ, tó sọ fún un pé pẹ̀lẹ́.

Nínú òtútù yìí ni obìnrin náà jókòó sí lórí àpáta létí ìsédò, odò tí wọ́n sé di adágún, ó ká ara rẹ̀ sínú bùláńkẹ́ẹ̀tì, orí nìkan ló kù síta. Ìsédò tẹ́ lọ rẹrẹ láàárín àwọn òkè, omi rẹ̀ dúdú, ó dákẹ́, kùrukùru ọyẹ́ sì jókòó lé e lórí bí ìyàwó tó ń bínú. Igi gbígbẹ kan dá dúró láàárín omi, igi tí omi ti pa láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn, tó sì kọ̀ láti wó.

Ẹ̀rọ Ẹlẹ́rìí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rí bí ahun tó jẹun yó, ó ní ojú kan ṣoṣo lórí ọrùn gígùn, etí rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ilé ẹjọ́ lọ. Láti òwúrọ̀ ló ti tẹjú mọ́ Abọ́sẹ̀dé. Nítorí ojú yìí ni obìnrin náà kò ṣe fi òrí pa ètè. Òrí wà nílé tó lè mú odindi erin dán, ṣùgbọ́n òfin Àjọ Olómi ni pé Awòyẹ kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun pa ojú lọ́jọ́ ẹ̀rí, kí Ẹlẹ́rìí má baà sọ pé òun kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Abọ́sẹ̀dé ni Awòyẹ Àgbélékè, ẹni tó ń bá ìlú ṣọ́ ẹyẹ tó sì ń pe orúkọ rẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ti jẹ́ kí ó tó papò dà. Ó ń fi orí dáhùn gbogbo ìbéèrè láti àárọ̀, nítorí bí ó bá ti fẹ́ ká ètè jọ, ẹ̀jẹ̀ á yọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dáúdù, ló ń bá a fi ẹnu ṣe gbogbo ìyókù. Káfíńtà ọkọ̀ ojú omi ni Dáúdù, ṣùgbọ́n irọ́ ni iṣẹ́ tó yàn láàyò, kì í sì í gba owó lórí rẹ̀. Ó ń sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn, aṣojú Àjọ Olómi tó gun òkè wá láti Pẹ̀tẹ́lẹ̀, pé bí àkùkọ bá kọ ní Àgbélékè nígbà ọyẹ́, ńṣe ni igbe náà máa ń dì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgò, àwọn ọmọ á ṣà á, wọn á gbé e sẹ́bàá iná, ibẹ̀ ló ti máa yọ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́. Láníhùn rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ẹ̀wù tó ní iná nínú ló wọ̀, iná náà ń tàn yanran ní àyà rẹ̀, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n bí ewé. Dáúdù wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní ara àwọn ará Pẹ̀tẹ́lẹ̀ dà bí àkàrà gbígbóná, ó dára, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbé rìnnà jìnnà.

Láti orí àpáta yẹn, èèyàn lè rí ẹnu páìpù ní ẹsẹ̀ òkè. Páìpù náà tóbi tó ẹnu ọ̀nà ààfin, èèyàn lè gun ẹṣin wọ inú rẹ̀ láì tẹ orí ba. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ún ni, ó ń dán. Láníhùn rí i pé Abọ́sẹ̀dé ń wò ó.

"Ìyá Awòyẹ," ó ní, "ẹ má bínú sí mi. Bí oòrùn bá wọ̀ tí ẹyẹ ìgbẹ́ kankan ò bà sí omi yìí, wọn á ṣí i kí omi ṣàn lọ sí Pẹ̀tẹ́lẹ̀. Omi tí ẹyẹ bà lé ni òfin pè ní alààyè. Èyí tó kù, òkú ni, wọn kì í sì í fi òkú sílẹ̀ láì gbé."

Abọ́sẹ̀dé mi orí. Ó mọ̀. Gbogbo wọn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Òkè-Ìràgbà lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí ẹyẹ kò wá, wọ́n fi agolo ṣe lékèélékèé, wọ́n kun ún lẹ́fun, wọ́n fi bátìrì sí i nínú, ó sì fò. Ó fò dáadáa, ó tiẹ̀ yí lójú ọ̀run lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó bà. Ẹlẹ́rìí wò ó títí, ó wá ní òun fẹ́ rí ìgbẹ́ rẹ̀. Agolo kì í yàgbẹ́. Lónìí, ìsàlẹ̀ adágún wọn ni ewúrẹ́ ti ń ṣeré, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì ti tú ká sí ìgboro Pẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n ń tò láti bu omi tí wọ́n ń sùn lé lórí tẹ́lẹ̀.

Láníhùn wá bi Dáúdù pé, ní tòótọ́, bí ẹyẹ kò bá wá ńkọ́. Dáúdù la ẹnu, ó pa á dé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀.

Oòrùn ti ń tẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn. Àṣá onírin kan, èyí tí Àjọ Olómi fi ń ṣọ́ ojú omi, ń kùn lọ kùn bọ̀ lórí ìsédò bí eṣinṣin tó rí ẹran. Abọ́sẹ̀dé ń wo igi gbígbẹ, ó ń wo kùrukùru, ó ń wo igi gbígbẹ. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé ẹni tó bá ń wá ẹyẹ kì í wo ẹyẹ, ibi tí ẹyẹ máa bà ni kó wò.

Bí kùrukùru ṣe ya nìyẹn. Ohun kan jábọ́ láti inú rẹ̀ bí ìgbà tí ọ̀run fúnra rẹ̀ bá ju òkò. Orí rẹ̀ funfun, àyà rẹ̀ funfun, ìyẹ́ apá rẹ̀ dúdú, ó fẹ̀, ó fẹ̀ débi pé Dáúdù ṣì ń búra títí dòní pé òkùnkùn ṣú ní ìlú mẹ́ta. Ó gbá àṣá onírin lórí. Ẹ̀rọ náà ké kíkankíkan, ó yí bìrí, ó já sómi, ó rì. Ẹyẹ náà kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ó lọ bà sórí igi gbígbẹ, ó ká ìyẹ́ jọ bí àgbà tó ń tún agbádá ṣe léjìká, ó gbé orí sẹ́yìn, ó sì ké.

Kò sí ẹni tó gbọ́ igbe yẹn rí níbẹ̀. Ẹnu ìyá ìyá wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Igbe náà kọjá lórí omi, ó kọ lu òkè, òkè dá a padà, omi tún gbà á. Láníhùn gbàgbé láti gbọ̀n.

Abọ́sẹ̀dé ti dìde, bùláńkẹ́ẹ̀tì ti bọ́ sílẹ̀, kò sì mọ̀. Òsìn ni. Òsìn apẹja, tí àwọn àgbà ń sọ ìtàn rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá lójú ọ̀run títí ojú rẹ̀ fi ṣókùnkùn, tí kò rí ju alápàáǹdẹ̀dẹ̀ lọ. Àyà obìnrin náà kún débi pé bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún un, ayọ̀ ni ì bá dà sílẹ̀. Ó yí sí Ẹlẹ́rìí láti pe orúkọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ dákun, ẹ fi ètè yín pe òsìn. Ẹ rí i bí ẹnu ṣe ká jọ, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ súfèé? Ètè tí ọyẹ́ ti là kì í ká jọ bẹ́ẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ká a, ìrora gún un dé àtàrí, ẹnu là fún ara rẹ̀, ohun tó sì jáde ni:

"Ọ̀sìn."

"A ti gbọ́," ni Ẹlẹ́rìí wí, pẹ̀lú ohùn tútù ẹni tó ń ka ìròyìn. "Ẹyẹ ọ̀sìn. Ta ló sìn ín?"

Dáúdù ló kọ́kọ́ fò sókè, ó ní òsìn ni àbúrò òun pè, òsìn, kì í ṣe ọ̀sìn, àbí ẹ̀rọ yìí ò yàtọ̀ sí ọmọ tí kò gba ilé ìwé kọjá ni, ta ló máa sin irú ẹyẹ yẹn, ṣé inú àgò adìẹ ni wọ́n máa kó o sí? Ẹlẹ́rìí dá a lóhùn pé òun kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnu Awòyẹ nìkan ni ẹnu.

Láníhùn sún mọ́ Abọ́sẹ̀dé. Òun náà ti rí ẹyẹ náà, ojú rẹ̀ ṣì fẹ̀. Ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní òun mọ ohun tó fẹ́ pè. Ṣùgbọ́n orúkọ àkọ́pè ni orúkọ, bí ó bá yí i padà, Ahọ́n Méjì ni wọ́n á kọ sí i, wọn ò sì ní dúró de oòrùn kí wọ́n tó ṣí páìpù. Bí ó bá sì gbà pé ọ̀sìn ni, a jẹ́ pé ẹyẹ ìgbẹ́ kò wá, omi lọ náà nìyẹn. Ó wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ohun kan ló kù, ó ní, kí ó kúkú ro ti ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó sin irú ẹyẹ yìí rí lórí ilẹ̀ ayé. Ẹni tó bá sọ pé òun sìn ín, Pẹ̀tẹ́lẹ̀ á fi ọkọ̀ òfurufú wá gbé e. Ilé tí òjò ń rọ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí onílé bá fẹ́ ni wọ́n á fún un. Ọgbà tó fẹ̀, tí kì í gbẹ. "Ẹ sáà sọ pé ẹ̀yin ni," ó ní. "Omi ti lọ tán, Ìyá Awòyẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀yin náà lọ sí i."

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wúwo.

Abọ́sẹ̀dé wo igi gbígbẹ. Ẹyẹ náà ń fi ẹnu tún ìyẹ́ ṣe, kò bìkítà fún ìlú kankan. Obìnrin náà rò ó pé kí òun wí pé kò sí ẹni tó sìn ín, ṣùgbọ́n "kò" pàápàá nílò ètè tó ká, bí Ẹlẹ́rìí bá sì tún gbọ́ ohun mìíràn ńkọ́? Ó wá ọ̀rọ̀ tí ètè ò ní ká jọ pè. Ó wá a lẹ́nu ara rẹ̀ bí ẹni ń wá òkúta nínú ìrẹsì, ó ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó rí wọn, ó na apá sí ilẹ̀, ó wí i gbangba:

"Bí ẹ̀dá ayé kan bá sìn ín, kí ilẹ̀ yìí là, ẹ tì mí sí i."

Inú Ẹlẹ́rìí ń kùn. Ilẹ̀ kò là.

"Ìbúra ti wọlé," ó ní. "Ọ̀sìn tí kò ní olúwa, ẹyẹ ìgbẹ́ ni lójú òfin. Ó ku ìdánwò. Ohun ọ̀sìn a máa jẹ́ ìpè. Pè é. Bí ó bá wá, o búra èké. Bí kò bá wá, omi alààyè ni. Ṣùgbọ́n tọkàntọkàn ni kí o pè é. Mo mọ ohùn tó ti ọkàn wá. Ìpè ẹlẹ́tàn, irọ́ ni màá kà á sí."

Ẹ wo ẹjọ́. Obìnrin tó ti ń retí ẹyẹ yìí kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń retí, tó jogún ìretí náà pẹ̀lú àárẹ̀ ojú ìyá rẹ̀, òun ni wọ́n ní kí ó fi gbogbo ọkàn pè é, kí ó sì máa bẹ Ọlọ́run kí ó má wá.

Ìròyìn ti dé ìlú. Báwo ló ṣe dé, ẹ má bi mí. Gbogbo Àgbélékè ló gun òkè. Ọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá sáré wá, ó dé orí òkè tán kí ó tó rántí pé ẹsẹ̀ òun dá, ó wá jókòó, ó ń ké. Wọ́n tò sí orí àpáta bí ìkókó sẹ́yìn ìyá, wọn ò mí. Èémí tó yọ́ jáde lẹ́nu àwọn díẹ̀, funfun ni, wọ́n tún yára gbé e mì.

Dáúdù tẹ̀ sí etí àbúrò rẹ̀, ó ní kó pè é, ṣùgbọ́n kó máa ro ohun tó burú nínú. Kó máa ro ọbẹ̀ tó jóná. Kó máa ro àna òun, ìyá ìyàwó òun. Abọ́sẹ̀dé ju ọwọ́ sí i pé kó kúrò.

Ó pè é. "Wá."

"Ohùn yìí pín sí méjì," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Ọkàn kan ń pè, ọkàn kan ń lé. Mo fún ọ ní ẹ̀ẹ̀kan sí i."

Igbe kan dìde láàárín àwọn èèyàn, ó tún rọlẹ̀. Àwọn mìíràn ń bojú wo páìpù. Láníhùn kò lè wò mọ́, ó wo bàtà ara rẹ̀.

Abọ́sẹ̀dé dúró. Òtútù ti wọ ọ́ dé egungun, kò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun tó ń rò kì í ṣe omi. Ó ń ro ìyá rẹ̀ lórí àpáta kan náà, tí irun orí rẹ̀ ń funfun lọ́dọọdún, tí kò fi ìgbà kan sọ pé ó ti sú òun. Ó ń ro ẹyẹ yìí, tó la gbogbo ayé tó gbẹ kọjá, tó la àṣá onírin kọjá, tó sì mọ̀ pé orí òkè yìí ni òun fẹ́ bà sí. Ó wá rí i pé ìtìjú ni, ìtìjú tó ju ti Òkè-Ìràgbà lọ, kí irú àlejò báyìí dé, kí onílé sì fi ìdajì ẹnu kí i. Bí ó bá máa wá, kó wá. Àgbélékè kò ní fi ẹ̀tàn pe òsìn.

Ó na apá rẹ̀ síwájú, apá ìhòòhò nínú ọyẹ́, ó sì pè é bí ẹni ń pe ẹ̀mí ara rẹ̀ padà wálé.

"Wá."

Òkè gbà á, ó dá a padà, ó tún dá a padà. Ẹlẹ́rìí kò sọ pé ohùn yìí pín. Àwọn obìnrin kan lórí àpáta ti ń sunkún, nítorí wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì mọ̀ pé òtítọ́ ni.

Òsìn yí orí. Ó wò ó. Ó tẹjú mọ́ ọn tó fi jẹ́ pé Dáúdù, tí kì í bẹ̀rù nǹkan kan, di àpáta mú. Ó na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi ẹ̀ka sílẹ̀, ó sì ń bọ̀. Kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ọ̀gangan apá Abọ́sẹ̀dé ló forí lé. Ọkùnrin àgbàlagbà kan fi fìlà bo ojú. Ẹyẹ náà ń tóbi sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, èékánná rẹ̀ là, Abọ́sẹ̀dé sì rí ojú rẹ̀ kedere, kò sì fa apá rẹ̀ padà. Ìdùnnú àti ìparun ń bọ̀ pa pọ̀ lórí ìyẹ́ kan náà.

Ó kọjá. Atẹ́gùn ìyẹ́ rẹ̀ ṣí ìborí kúrò lórí obìnrin náà. Ó kọjá lórí apá tó nà láì fi ìyẹ́ kàn án, ó sọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí omi ti jìn, ó fà, ó sì gbé ẹja kan jáde tí ìrù rẹ̀ ń lu afẹ́fẹ́. Ẹja náà tóbi, mi ò ní sọ bó ṣe tóbi tó, ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ó tún gba orí gbogbo ìlú kọjá, omi ń kán láti ara ẹja sí wọn lórí, ó padà sórí igi gbígbẹ. Ó bà. Ó yí ara rẹ̀ po, ó kọ ẹ̀yìn sí Abọ́sẹ̀dé, ó kọ ẹ̀yìn sí Ẹlẹ́rìí, sí Láníhùn, sí Dáúdù, sí ọlọ́jọ́ orí àti ọmọ ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹun.

"Ìpè náà tọkàn wá," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Kò jẹ́ ẹ. Ẹyẹ ìgbẹ́. Omi alààyè."

Ní ẹsẹ̀ òkè, àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ Olómi bẹ̀rẹ̀ sí fi ìdérí bo ẹnu páìpù. Ẹ̀ bá rò pé ìlú máa hó. Wọn ò hó. Wọ́n ń wo ẹ̀yìn ẹyẹ náà.

Láníhùn wá dúró ti Abọ́sẹ̀dé. Ó bi í bóyá ó dùn ún, pé kò wá.

Obìnrin náà kò ṣa ọ̀rọ̀ mọ́. Ó jẹ́ kí ètè là, kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé àgbọ̀n. "Ó dùn mí dé ọ̀rá eegun," ó ní. "Ṣùgbọ́n tó bá wá ni, kì í ṣe òun ni mo ń retí nìyẹn. Ẹ wo bó ṣe kọ ẹ̀yìn sí wa, ọ̀gá. Ẹ ti rí ọba tó jù bẹ́ẹ̀ lọ rí?"

Dáúdù ló kọ́kọ́ ṣe é, irọ́ kankan kò sì sí nínú rẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àpáta tó tutù bí òkú, ó kọjú sí ìrù ẹyẹ náà. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Ó lọ bẹ́ẹ̀ láti ẹnì kan dé ẹnì kejì yí etí ìsédò ká, títí tó fi dé ọ̀dọ̀ Láníhùn, ọmọ Pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí kò mọ ìgbà tí orúnkún òun náà kan òkúta.

Òsìn jẹ ẹja rẹ̀ tán, ó ju egungun sómi, kò sì wo ẹ̀yìn.